Owó Tí Kámẹ́rà Ń Jẹ Lẹ́yìn Tí A Bá Ti Rà Á

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ta kámẹ́rà aláàbò ní Alábà tàbí ní Computer Village n'Ìkẹjà ni pé, "Èló ni ti 4K?" Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Kámẹ́rà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó sì gbàgbé. Bí a bá ti gbé e kọ́ ògiri tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó ń jẹ iná, ó ń jẹ àyè nínú hard disk, ó ń jẹ dátà. Bí àwòrán rẹ̀ bá ṣe ń mọ́ sí i ni owó oúnjẹ rẹ̀ ń ga sí i. Owó oúnjẹ yìí ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí, torí òun ló ń sọ ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó wà lára ilé wa di ọ̀ṣọ́ lásán.

Owó tí a fi ń rà á gan-an kì í ṣe kékeré mọ́. Òkè òkun ló ti ń wá, pàápàá Ṣáínà, dọ́là sì ni àwọn tó ń kó o wọlé ń ná níbẹ̀. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 470 náírà ni ìjọba ń ka dọ́là kan sí. Láàárín ọdún 2024 ó ti kọjá 1,500. Kámẹ́rà 50 dọ́là tí ì bá jẹ́ 23,500 náírà ti di 75,000 nígbà náà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ká má tíì dárúkọ kọ́sítọ́ọ̀mù. Àṣìrà ń dunni lóde òní ju ti àtijọ́ lọ.

Alhaja kan wà tó ń ta léèsì ní Gbági, n'Ìbàdàn. Kò ṣahun rárá. Kámẹ́rà mẹ́jọ ló rà, 4K ni gbogbo wọn, wọ́n sì fi hard disk 2 terabyte sínú ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀. Ọmọ tó wá so ó fi hàn án lórí tẹlifíṣọ̀n: "Màmá, ẹ wò ó, ẹ lè ka nọ́ńbà tó wà lára bébà yẹn." Òótọ́ ni, ó ṣeé kà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Alhaja máa ń ka ọjà. Ní Àbámẹ́ta kan, odindi léèsì méjì ti dàwátì, bí wọ́n sì ti rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, ọjọ́ Ajé tí èrò pọ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ lọ́sàn-án Àbámẹ́ta náà. Àwòrán tó pẹ́ jù lọ níbẹ̀ jẹ́ ti ọ̀sán Ọjọ́rú. Ti ọjọ́ Ajé ti pa rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwòrán 4K ní píksẹ́ẹ̀lì 3,840 ní ìbú àti 2,160 ní òró, nǹkan bí mílíọ̀nù 8 lápapọ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ fi ìlànà H.265 fún un pọ̀ kó lè kéré, kámẹ́rà kan ṣì lè máa tú megabit 8 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Megabyte kan nìyẹn, tó ń di gigabyte 86 láàárín wákàtí 24. Ti kámẹ́rà mẹ́jọ jẹ́ nǹkan bí 690 gigabyte lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́ta kò ní pé tí 2 terabyte yóò fi kún, bó bá sì ti kún, ẹ̀rọ á máa kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ Alhaja. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Ẹni tó tà á fún un ni kò bi í pé, "Màmá, ọjọ́ mélòó mélòó lẹ fi ń ka ọjà?" Bó bá ti bi í ni, ìdáhùn yẹn ni wọn ì bá fi mọ irú hard disk tó yẹ kí wọ́n rà.

Wọ́n ti tún un tò báyìí láìra kámẹ́rà míì. Ọ̀kan tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń gbowó nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ ní 4K. Wọ́n dín méje yòókù kù sí mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 2, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tú megabit 2. Hard disk yẹn kan náà ń gbé ọjọ́ mẹ́jọ báyìí, Àbámẹ́ta sí Àbámẹ́ta.

Ẹnìkan á ní, ṣé mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 2 á ríran? Ibi tó kọ ojú sí ló máa sọ. Àwọn ará Yúróòpù ní òṣùwọ̀n kan tó ń jẹ́ EN 62676-4. Ohun tí ẹ̀dà rẹ̀ ti ọdún 2015 sọ ni pé kí àwòrán tó lè jẹ́ ká dá ojú ẹni tí a kò mọ̀ rí mọ̀, píksẹ́ẹ̀lì 250 ló yẹ kó wà fún mítà kan níbi tí onítọ̀hún dúró sí. Ẹ mú kámẹ́rà 4K, ẹ kọ́ ọ sí igun kó máa wo àyè tó fẹ̀ ní mítà 20. Pín 3,840 sí ọ̀nà 20, 192 ló kan mítà kan. Kò tó. Ẹ wá mú ti mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 2, tí ìbú tirẹ̀ jẹ́ 1,920, ẹ kọjú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kó má wò ju mítà 3 lọ. Òun á ní 640. Olè tó bá sì gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé kò ní ṣàìgba iwájú rẹ̀. Gíláàsì ojú kámẹ́rà ló ń ṣe ìyàtọ̀ yìí: ti milimita 2.8 ń wo gbogbo àyíká, ti milimita 6 ń wo ibi tóóró, ó sì ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ tòsí. Iye owó méjèèjì kì í sábà jìnnà síra. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ kámẹ́rà sókè fíofío lábẹ́ òrùlé kí ọwọ́ olè má bàa tó o tún ń bà mí nínú jẹ́, torí láti ibẹ̀, fìlà àti gèlè ló ń yà, kì í ya ojú.

Òru ló tún ń dán 4K wò jù. Bí ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà méjì bá tóbi bákan náà, èyí tí wọ́n há píksẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù 8 sí, ìmọ́lẹ̀ tó ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó nǹkan. Ní àdúgbò tí iná òpópónà kò sí, àwòrán rẹ̀ lè ṣú jọ ju ti mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 2 tàbí 4 lọ. Gílóòbù LED kan lẹ́nu géètì á ran kámẹ́rà lọ́wọ́ ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà tí a fi kún owó rẹ̀. Kí ẹni tó ń tà á fi àwòrán tó yà lóru hàn yín. Ẹ má gba ti ọ̀sán.

Iná NEPA ńkọ́? Kámẹ́rà mẹ́jọ pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn lè jẹ tó wáàtì 80. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná mànàmáná gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, láti 68 náírà sí 225 fún kilowatt-hour kan, kí wọ́n tó dín in díẹ̀. Bí a bá fi 209 náírà ṣírò, ó jẹ́ 400 náírà lójúmọ́, 12,000 lóṣù. Ti ẹni tí kì í rí iná tún le jù bẹ́ẹ̀. Wákàtí 12 lórí inverter á fa nǹkan bí ìdajì bátìrì 12 volt, 200Ah kan, àwọn oníṣẹ́ iná sì máa ń kìlọ̀ pé ká má fa bátìrì olómi kọjá ìdajì. A ò tíì tan fáànù o.

Àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun ni owó dátà ń pọ́n lójú jù. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń kọ́lé sí Ìkòròdú tàbí Mọ́níyà, kámẹ́rà ni wọ́n sì fi ń mọ̀ bóyá bíríkìlà wá sẹ́nu iṣẹ́ àti bóyá sìmẹ́ńtì ogún àpò ò tíì di mẹ́rìnlá. Ẹni tí wọ́n ti fi owó ilé rẹ̀ gbéyàwó rí kò jẹ̀bi pé ó ń ṣọ́ ti ìkejì. Àmọ́ àwòrán 4K wákàtí kan tó gba orí síìmù kọjá á jẹ gigabyte 3.6, bẹ́ẹ̀ ni ní Oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdajì kún owó wọn. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó dáa ló ń gbé àwòrán jáde lọ́nà méjì: ti ńlá á lọ sínú hard disk tó wà nílé, ti kékeré á lọ sórí fóònù. Bí ti kékeré bá jẹ́ ìdajì megabit, wákàtí kan kò ju megabyte 225 lọ. Ti kékeré yẹn ni kí ẹni tó wà ní Peckham máa wò.

Ìjọba alára ti ra kámẹ́rà láìro oúnjẹ rẹ̀ rí. Ní ọdún 2010, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ kámẹ́rà fún Àbújá àti Èkó, 470 mílíọ̀nù dọ́là, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ owó tí a yá ní Ṣáínà. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà náà fi wà lórí òpó láìríran, tí àwọn aṣòfin sì ń béèrè ibi tí owó wọlé sí. Gbèsè ní tirẹ̀ kò dáwọ́ dúró, ó ń ka èlé. Ó ń dùn mí títí dòní, torí owó orí wa ni wọ́n fi ń san án.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ìyẹn yíyí password padà. Ní ọdún 2016, àwọn ọ̀daràn fi ètò kan tó ń jẹ́ Mirai gba àkóso ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtàwọn ẹ̀rọ míì tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Password tí iléeṣẹ́ fi sí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, tí àwọn tó rà wọ́n kò yí padà, ni wọ́n gbà wọlé. Ní ọjọ́ 21 Oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n kó wọn ti iléeṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, tó ń darí èèyàn sí àwọn ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì, Twitter àti Netflix sì kọ̀, wọn ò ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Lọ́dọ̀ tiwa, ewu náà súnmọ́lé jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọmọ tó wá so kámẹ́rà ló sábà ń mú password lọ sílé, ó sì lè máa wo pálọ̀ yín láti orí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Kí ẹ tó san ìyókù owó iṣẹ́ fún un, ẹ jókòó tì í, ẹ yí password náà sí èyí tí ẹ̀yin nìkan mọ̀, kí ẹ sì ní kó yọ ilé yín kúrò lórí fóònù rẹ̀ níṣojú yín.