Èèwọ̀ Iyọ̀



Nígbà tí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, a máa ń fi iyọ̀ wúre fún un kí ayé rẹ̀ lè dùn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a ń fi tọ́ ọ lẹ́nu. A kì í bu ẹ̀kúnwọ́. Ìwọ̀nba yẹn ni ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí kékeré kan. Iyọ̀ inú máàgí àti búrẹ́dì wà nínú ìṣirò náà. Àpọ̀jù iyọ̀ ń mú kí omi pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan yóò fún, ọkàn yóò sì máa ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kan ìlẹ̀kùn kí ó tó wọlé.

Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó lè pa èèwọ̀ Odù rẹ̀ mọ́ lè pa ti ara rẹ̀ mọ́. Mo mọ àwọn tí kò fẹnu kan irú ẹran kan láti ọjọ́ ìtẹ̀fá wọn, síbẹ̀ tí wọ́n ní àwọn kò lè dín iyọ̀ kù. Epo tí a fi ń bọ Èṣù kò sọ pé kí epo léfòó lórí ọbẹ̀ wa: nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa jẹ́ irú èyí tí ń fi kọlẹ́sítẹ́róòlù kún ẹ̀jẹ̀. Ọtí tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn ètùtù kì í sì í ṣe dandan ní mímu tán.

Ifá kọ́ wa pé Orí kò lè dá nǹkan ṣe láìsí Ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a lo ẹsẹ̀: ìrìn kánkán oníṣẹ́jú 30, ní ọjọ́ 5 láàárín ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ 7.

Ní ìtàdógún kọ̀ọ̀kan tí a bá pé jọ síwájú Ifá, ó yẹ kí a máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ara wa. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó fún ilé Ifá kan. Bí ó bá ń fi 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má ṣe tìtorí ẹbọ dá oògùn rẹ̀ dúró, ẹ sì sọ gbogbo àgbo tí ẹ ń mu fún un. Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ a máa tọ awo mìíràn lọ.

Ire àìkú ni baálẹ̀ ọrọ̀. Bí a ti ń fi obì tọrọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ìkóra-ẹni-níjàánu tọrọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.