Kí A Tó Wó Ilé Baba Wa

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ inú rẹ̀. Àwa ń bi ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin alákọ̀wé léèrè: kí ni ó ń la ògiri agbo ilé wa lẹ́nu? A ń di ẹ̀bi ru amọ̀, a sì ń wó ilé àjogúnbá. Omi òrùlé tí ń gbẹ́ ìdí ògiri gan-an ni ọ̀daràn. Sìmẹ́ńtì tí a fi ń rẹ́ ẹ ni igbákejì rẹ̀, nítorí ó ń sé ọ̀rinrin mọ́ inú amọ̀ títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi rà.

Ilẹ̀ kò sì dọ́gba. Ilẹ̀ pupa Ìbàdàn, bí omi kò bá dúró sí i, a máa gbé ilé ró. Amọ̀ dúdú àkùrọ̀ a máa wú ní ìgbà òjò, a sì máa sán ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Èkó, níbi tí yanrìn bá wà lórí ẹrẹ̀, ilé wúwo a máa rì bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò bá jìn. Ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo kò lè bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu.

Nítorí náà, kí ẹni tí yóò kọ́lé gbẹ́ ilẹ̀ wò kí ó tó ra búlọ́ọ̀kù. Kí ẹni tí yóò tún ilé baba rẹ̀ ṣe kọ́kọ́ la ọ̀nà fún àgbàrá, kí ó sì fi amọ̀ irú ti ògiri náà dí ibi tí ó sán. Agbo ilé tí a bá wó tán, kò sí owó tí yóò rà á padà fún àwọn ọmọ wa.