Kí Wọ́n Tó Dé Orí Àga Ìròyìn

 

Ní oṣù yìí ẹ jẹ́ kí èmi akáńtáǹtì yín fi ọ̀rọ̀ owó orí sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa ní Aurora níbí ń sọ pé àwọn fẹ́ máa ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Èsì tí àwa òbí sì ń fọ̀ ni pé, "Ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Lọ ṣe dókítà jàre!" Àwọn ọmọ náà, ní tiwọn, rò pé ẹni tó bá ti lẹ́wà, tó sì mọ òyìnbó sọ, wọ́n á kàn pè é kó wá jókòó ni. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ojú tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni ti Màmá Aníkẹ̀ẹ́ Agbájé-Williams. Kò ṣàdédé débẹ̀ o. Ìdí rédíò ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ohùn wọn.

Ní ọdún 1959 yẹn kan náà, ní Portsmouth, ìpínlẹ̀ Virginia, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Max Robinson rí iṣẹ́ ìròyìn kíkà gbà. Ohùn rẹ̀ wù wọ́n, ojú rẹ̀ ni wọn ò fẹ́ kí aráyé rí. Tó bá ti ń ka ìròyìn, àwòrán orúkọ iléeṣẹ́ ni wọ́n fi ń bò ó. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní kí wọ́n gbé e kúrò. Aráyé rí i. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Kò torí ìyẹn jáwọ́. Ó lọ ṣe akọ̀ròyìn ní Washington, títí wọ́n fi gbé e sórí àga ìròyìn níbẹ̀ ní 1969. Ní 1978, ABC fi í ṣe ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ń ka ìròyìn alaalẹ́ fún gbogbo Amẹ́ríkà. Aláwọ̀ dúdú kankan ò dé irú ipò yẹn rí. Níbo ló ti ń kà á? Chicago wa níbí ni! Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọdún 19 gbáko.

Oprah Winfrey náà, rédíò kan ní Nashville ló ti ka ìròyìn nígbà tó ṣì wà ní iléèwé girama. Ní 1976, wọ́n fi í sí ìròyìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Baltimore, kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́. Wọ́n gbé e lọ sídìí ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ti òwúrọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀bùn rẹ̀ ti hàn. Ní 1984 ó dé Chicago. Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ọmọ tiwa náà ńkọ́? Femi Oke, tí wọ́n bí ní London, ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀ròyìn ní rédíò. Ó lọ yunifásítì, lẹ́yìn náà ló dé CNN, tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí fún gbogbo ayé. Kò sì torí òyìnbó yí orúkọ rẹ̀ padà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Wọ́n pín Amẹ́ríkà sí ọjà tẹlifíṣọ̀n 210. Ti Chicago, tí Aurora wa wà nínú rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì kì í sábà ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìlú kékeré bíi Peoria tàbí Rockford ló máa ń lọ. Níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lè gbé kámẹ́rà, kó wa ọkọ̀, kó tún kọ ìròyìn. Lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta, á kó èyí tó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ jọ, á fi ránṣẹ́ sí ìlú tó tóbi díẹ̀ sí i. Ìròyìn ìdájí tàbí ti òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún un. Bí ọ̀gá bá lọ ìsinmi, òun ni á dí àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àyè bá wá ṣí, ẹni tí kì í kọ̀ láti jí ní aago méjì òru ni wọ́n á rántí.

Ẹ̀yin òbí, mi ò ní tàn yín: owó rẹ̀ lè pẹ́ kó tó dé. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gúnyán nínú odó kékeré, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Ẹ má fi "lọ ṣe dókítà" pa iná tí ń jó nínú ọmọ. Ẹ bi í léèrè ohun tó ti ṣe sí i lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn iléèwé yín. Ẹ máa ka ìwé sókè ketekete, òyìnbó àti Yorùbá, kí ìyá àgbà tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí ẹ sì mọ orúkọ yín pè pérépéré, nítorí òun lẹ máa kọ́kọ́ sọ lọ́jọ́ tí kámẹ́rà bá kọjú sí yín.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.