Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Bá Ọmọ Wí

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa, kó lè ṣe ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa. A ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ń lo íǹkì, torí pé owó rẹ̀ kò wọ́n. Kò pẹ́ tí íǹkì fi tán. Nígbà tí a béèrè iye òmíràn, díẹ̀ ló kù kó tó owó ẹ̀rọ náà. Ni a bá kọjú sí ọmọ wa obìnrin pé òun ló ń fi àwòrán ṣòfò. Ó sunkún títí.

Àṣé a ṣì í bá wí ni. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n lè jèrè lórí íǹkì. Bí a bá pa á tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí iná lọ lójijì kó tó ráyè bo ẹnu rẹ̀, íǹkì lè gbẹ síbẹ̀. Íǹkì náà ló sì ń fi fọ ẹnu ara rẹ̀. A bẹ ọmọ wa.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye íǹkì àti iye ojú ìwé tó lè tẹ̀. Ẹ máa tẹ ojú ìwé kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa fi bọ́tìnnì ara rẹ̀ pa á. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ máa wádìí ọ̀rọ̀ dáadáa. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.