Kí A Wo Omi Kí A Tó Wo Ọkọ̀

Àwa ará Ìṣẹ́ kì í ṣe ará omi. Odò Ògbèsè ni odò ńlá tí a mọ̀ ní agbègbè wa, kò sì sí ẹni tí ń fi ọkọ̀ ńlá rìn lórí rẹ̀. Àgbẹ̀ ni àwọn baba wa, orí ilẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jẹun. Nítorí náà, ó lè ya ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu pé olùkọ́ èdè Yorùbá tí a bí sí àárín oko kòkó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi tí ń fi ẹ́ńjìnnì rìn. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti jókòó sí orí àga tí ẹ jókòó sí lónìí ni ó wà ní Èkó. Owó ti dé ọwọ́ àwọn kan nínú wọn, wọ́n sì ti ń ra ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí wọ́n fi ń lọ sí Tarkwa Bay ní ọjọ́ Sátidé. Bí ènìyàn bá ra ohun tí kò mọ̀ ọ́n lò, tí ohun náà sì lè pa á, ó yẹ kí olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ wí tẹnu rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yan ọkọ̀ ojú omi bí ẹni ń yan aṣọ ọdún. Wọn a wo ọ̀dà rẹ̀, wọn a wo àga rẹ̀, wọn a béèrè bí ó ti lè sáré tó, wọn a sì sanwó. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni èyí: omi wo ni ọkọ̀ yìí yóò máa rìn lórí rẹ̀, ènìyàn mélòó ni yóò sì máa gbé? Omi yàtọ̀ sí omi. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ dára fún odò tí kò jìn àti fún ẹ̀bá àbàtà, ṣùgbọ́n bí ó bá pàdé ìgbì, ńṣe ni yóò máa lu omi gbàgà-gbàgà, tí yóò sì máa gbọn àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ jìgìjìgì. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ rí bí ẹnu àáké a máa la ìgbì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ omi tí ó jìn díẹ̀, ó sì ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ń ṣeré lórí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ kò ní láti ra irú ọkọ̀ tí ẹni tí ń gba ẹnu ọ̀sà bọ́ sí òkun ní Èkó yóò rà. Ẹni tí ó bá ra ti òkun fún odò yóò kàn fi owó ṣòfò. Ẹni tí ó bá ra ti odò fún òkun ni kí a máa bẹ̀rù fún.

Lẹ́yìn ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí a ń fi kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó di ará Amẹ́ríkà, kọ́ ni ó kọ́kọ́ ronú kàn án, ṣùgbọ́n òun ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń rà, láti 1909, ní ìlú Milwaukee. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ìgbà náà kò ju agbára ẹṣin kan àti ààbọ̀ lọ. Lónìí, a ń rí èyí tí ó ju agbára ẹṣin 300 lọ! Ẹ́ńjìnnì tí ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin náà kò sí lórí àtẹ mọ́, nítorí àwọn tí ń ṣe é ṣíwọ́ ní 2020. Ní etíkun wa, Yamaha ti ilẹ̀ Japan, tí ó ṣe àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní 1960, ni ojú ń rí jù.

Oríṣi ẹ́ńjìnnì méjì ni ó wà tí ẹni tí ń ra ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn. Nínú èkíní, ìlọ kan àti àbọ̀ kan ni irin inú rẹ̀ fi ń parí iṣẹ́. Nínú èkejì, ìlọ méjì àti àbọ̀ méjì ni. Ti èkíní, a máa ń po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ epo bẹntirólù rẹ̀, nígbà púpọ̀ ní ìwọ̀n lítà 1 òróró sí lítà 50 epo. Bí òróró bá kéré jù, irin yóò máa ha irin, ẹ́ńjìnnì yóò sì gan. Bí ó bá pọ̀ jù, èéfín yóò bo ojú omi bí ẹni ń sun oko. Ti èkejì ní àyè òróró tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kì í mu epo púpọ̀, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó wúwo, àtúnṣe rẹ̀ sì ń fẹ́ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ dáadáa. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ ṣòwò lórí omi Ìlàjẹ fẹ́ràn ti èkíní, èmi kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹ́ńjìnnì tí a lè tú palẹ̀ kí a sì tún tò ní ibi tí ó kú sí sàn fún wọn ju èyí tí a ní láti gbé lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́ tí ń gbé Èkó, tí mẹkáníìkì kò jìnnà sí, kí ó ra ti èkejì. Kí ó sì ṣọ́ra kí ojúkòkòrò má mú un gbé ẹ́ńjìnnì tí ó tóbi ju ọkọ̀ lọ kọ́ ọ. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ a máa tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ rì, omi a sì gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ra ọkọ̀ tuntun, ó sì pe àwa olùkọ́ rẹ̀ mẹ́ta pé kí a bá òun lọ láti Igbókòdá sí Ayétòrò, ìlú tí àwọn Ìlàjẹ tẹ̀ dó sí etí òkun ní 1947, tí òkun sì ti ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkọ̀ náà funfun bí lékeléke. Ní iwájú ẹni tí ń tukọ̀ ni ẹ̀rọ kan wà tí ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, ó ń sọ ibi tí a wà, ó ń sọ bí omi ti jìn tó." A yìn ín, inú wa sì dùn.

Kò pẹ́ tí a kúrò ní èbúté tí a bọ́ sí àárín ewéko, irú èyí tí ó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tí ó wọ omi ilẹ̀ wa láti ẹ̀gbẹ́ Àgbádárìgì ní 1984. Ọmọ náà kò dín eré kù. Ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ lójijì. Ó ń gbìyànjú láti tún un tan, ó ń tan, ó ń tan, títí agbára fi tán nínú bátìrì. Nígbà náà ni ojú ẹ̀rọ tí ó mọ ibi gbogbo náà ṣókùnkùn. Omi sì ń gbé wa lọ. Mo béèrè àjẹ̀. Kò sí àjẹ̀. Mo béèrè ọ̀pá. Kò sí ọ̀pá. Ìdákọ̀ró wà, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ wà ní ilé.

Baba àgbàlagbà kan àti ọmọ rẹ̀, nínú ọkọ̀ igi tí kò fẹ̀ ju àga ìjókòó yín lọ, ni wọ́n fi okùn fà wá dé ibi òpó ilé kan tí ó dúró lórí omi. Baba náà gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ó fi ọwọ́ fa ewéko tí ó dí ojú ihò tí omi ń gbà wọ inú rẹ̀. Ó wo ọmọ wa, ó ní, "Ṣé ẹ kò rí i pé kò tọ̀ mọ́ ni?" Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Lára ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ihò kékeré kan wà tí omi ń ti ibẹ̀ tú jáde nígbà gbogbo. Omi náà ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bí ó bá dáwọ́ dúró, kí a pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ohun tí baba náà fi ojú lásán mọ̀ nìyẹn, tí ẹni tí ó ra ọkọ̀ ní owó ńlá kò sì mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kórìíra ẹ̀rọ ìgbàlódé. Èyí tí ń wọn ìjìn omi jẹ́ iṣẹ́ ọgbọ́n: ó ń ju ìró sí ìsàlẹ̀ omi, ìró náà ń lọ ní nǹkan bí mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ sì ń ka àkókò tí ó fi lọ tí ó sì fi padà. Èyí tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn sátẹ́láìtì ojú ọ̀run lè fi ọ̀nà ilé hàn wá nínú kùrukùru ọyẹ́. Rédíò ojú omi náà ṣe pàtàkì, nítorí ojú ọ̀nà 16 rẹ̀ ni gbogbo ayé ń gbà ké fún ìrànlọ́wọ́, a sì lè lò ó níbi tí fóònù kò ti ní iṣẹ́ láti ṣe. Ṣùgbọ́n bátìrì ni gbogbo wọn ń jẹ. Kí ọlọ́kọ̀ ní méjì, ọ̀kan fún títan ẹ́ńjìnnì nìkan, èkejì fún àwọn yòókù. Kí ó sì rántí pé ẹ̀rọ tí ń wọn omi ń sọ ohun tí ó wà ní abẹ́ ọkọ̀, kò sọ ti igi tí ó dùbúlẹ̀ níwájú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tí ń gbé àwọn tí ó lọ sí ìgbéyàwó padà sí agbègbè Pátígi, ní ìpínlẹ̀ Kwara, dànù ní odò Ọya ní òru. Wọ́n ní igi tí ó fara pamọ́ sínú omi ni ó kọlù. Ènìyàn tí ó ju 100 lọ ni ó kú. Ọkọ̀ èrò ni, kì í ṣe ti ìgbafẹ́. Ṣùgbọ́n òru kan náà ni, omi kan náà sì ni. Àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀, tí ó ti wà láti 1997, àti LASWA ti ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 2008, kò yé kìlọ̀ pé kí a má ṣe tukọ̀ lóru, àti pé kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù amúniléfòó. Mo ti rí ibi tí wọ́n fi ẹ̀wù wọ̀nyí ṣe ìrọ̀rí.

Ti epo kò gba àlàyé púpọ̀: ìdá kan nínú mẹ́ta fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Okùn pupa tí a ń so mọ́ ara ẹni tí ń tukọ̀, tí ń pa ẹ́ńjìnnì bí ó bá já bọ́ sínú omi, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́.

Ohun tí ó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ìgbì tí ọkọ̀ ń dá sílẹ̀. Ọkọ̀ tí ń sáré kì í kọjá lásán. Ó ń fi òkè omi sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, òkè náà a sì máa rìn jìnnà. Ọlọ́kọ̀ ti kọjá, ó ń gbọ́ orin, kò wẹ̀yìn. Ní ọ̀dọ̀ Màkókò, ọmọdé ń fi ọkọ̀ igi lọ sí ilé ìwé, ìyá ń fi ọkọ̀ igi gbé ẹja, etí ọkọ̀ wọn kò sì ga ju ìbú ọwọ́ lọ sí ojú omi. Ìgbì kan tó láti da iṣẹ́ òòjọ́ wọn nù. Òfin ojú omi ti gbogbo àgbáyé, èyí tí a ṣe ní 1972, ní kí olúkúlùkù máa rìn ní ìwọ̀n eré tí kò léwu, kí àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì tí ó bá pàdé ara wọn lójúkojú sì yà sí ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn kan ń sọ pé kí ọlọ́kọ̀ igi yà kúrò lọ́nà nítorí òun ni ó kéré. Èmi kò gbà. Ẹni tí ó ní agbára láti dín eré kù ni ó yẹ kí ó dín in kù, ẹni tí ó sì ń ṣe fàájì ni ó yẹ kí ó dúró de ẹni tí ń wá oúnjẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi yẹn tún kọ ìwé sí mi ní oṣù tí ó kọjá pé kí n wá bá òun ṣe ìrìn-àjò lórí omi. Mo dá a lóhùn pé mo ń bọ̀, bí àjẹ̀ bá wà nínú ọkọ̀. Ó ní òun ti ra méjì, àti pé baba tí ó fà wá ni yóò jókòó ti òun níwájú.