Kámẹ́rà Ńlá Kọ́ Ni Fíìmù Ńlá

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Gowon Estate ní Alímọ̀ṣọ́, ní Èkó, láti inú ọjà títí dé ìdíkọ̀ Ìyànà Ìpájà: “Mò ń kówó jọ. Ọjọ́ tí mo bá ra kámẹ́rà gidi ni màá bẹ̀rẹ̀ fíìmù.” Ọdún ń gorí ọdún, iye owó kámẹ́rà ń sáré níwájú owó tí wọ́n ń kó jọ, ìtàn tí wọ́n fẹ́ sọ sì ń kú sí wọn nínú. Irọ́ ni ìgbàgbọ́ náà. Mo kọ ìwé yìí nítorí pé ó ń pa iṣẹ́ ọmọ wa kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo bí àwọn tó ṣáájú wa nídìí tíátà ṣe rìn ín. Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979, ó gbé Jáiyésinmi tẹ̀lé e ní 1980. Sẹlulọ́ìdì ni wọ́n fi ya wọ́n, ohun tó ń gbé owó mì, tó sì jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986 tí náírà já wálẹ̀, apá ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tíátà kò ká sẹlulọ́ìdì mọ́. Ta ló gba iṣẹ́ náà là? Àwọn tó gbé kámẹ́rà VHS ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ya ìkómọ àti ìgbéyàwó. Ní 1989, Kenneth Nnebue, oníṣòwò kásẹ́ẹ̀tì, pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, wọ́n gbé Àjẹ́ Ni Ìyá Mi jáde lórí VHS. Ní 1992, Nnebue kan náà gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò. Àwọn kan bú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pé kì í ṣe fíìmù. Àwọn tí wọ́n ń bú yìí ló fìdí ohun tí gbogbo ayé ń pè ní Nollywood múlẹ̀, láti ìsọ̀ Ìdúmọ̀tà.

Wọ́n á ní ayé ti yí padà, ojú olùwòran ti là, 4K ló kù. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Àwòrán Full HD kan jẹ́ àmì (pixel) 1920 ní ìbú àti 1080 ní gíga, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 2. Ti 4K kò tó mílíọ̀nù 9. Kí wá ni 48 megapixel tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kámẹ́rà tí a kò mọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fẹ́ ṣe fún fíìmù? Fọ́tò ni iye yẹn wà fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni súùmù: èyí tí lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ń ṣe ló ṣeé gbára lé, digital zoom kàn ń gé àárín àwòrán, ó sì ń fẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ń ba fíìmù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ní àdúgbò wa ni ohùn. Ẹ dúró níwájú ilé kan ní Gowon Estate ní aago méje alẹ́ tí NEPA bá ti mú iná lọ: jẹnẹrétọ̀ kan ń dá òmíràn lóhùn, kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń kọjá, ìsọjí ti bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan. Máìkì inú kámẹ́rà, ì báà ṣe ńlá ì báà ṣe kékeré, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà pọ̀. Olùwòran á fara da àwòrán tó ṣú díẹ̀. Kò ní fara da ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò lára kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ni ihò máìkì. Sony HDR-CX405 kò ní in. Canon Vixia HF R800 ní ti máìkì, ó sì ní ti íápíìsì. Ọ̀rọ̀ ohùn yìí ni mo lè bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí. Tangerine, fíìmù Amẹ́ríkà tó jáde ní 2015, iPhone 5s ni wọ́n fi ya àwòrán rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ìyẹn. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ẹ̀rọ ohùn gidi, tó yàtọ̀ sí fóònù náà, ni wọ́n fi gba ohùn rẹ̀. Owó tí ẹ bá yọ lára kámẹ́rà, ẹ fi ra máìkì tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ.

Ọ̀ràn iná tún wà, àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ kì í sì í sábà sọ ọ́. Iná NEPA wa jẹ́ 50 hertz, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Kámẹ́rà tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń ya àwòrán 30 tàbí 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹ bá sì gbé e sábẹ́ àwọn gílóòbù kan nílé wa, àwòrán á máa ṣẹ́jú, ìlà dúdú á máa rìn lójú rẹ̀. Canon a máa pe irú ẹ̀rọ yìí ní Vixia fún Amẹ́ríkà, Legria fún Yúróòpù. Legria ló bá iná wa mu. Bó bá jẹ́ Vixia lẹ rí, ẹ rí i pé ó gbà yín láyè láti fọwọ́ yí shutter sí 1/100.

Àwọn oníkọ́fẹ́réèjì, ìyẹn àwọn tó ń ya òde, ní àwíjàre kan tí mo gbà: olóde ń fi ìtóbi kámẹ́rà díwọ̀n owó tó máa san. Òótọ́ ni. Ẹ yá ńlá lọ́jọ́ òde, kí ẹ fi kékeré yín ṣe fíìmù lọ́jọ́ tó kù. Ní ti àwọn tó ń fi Netflix dẹ́rù bani, iṣẹ́ tí Netflix fúnra rẹ̀ bá gbé síta ni àkójọ kámẹ́rà tó fọwọ́ sí wà fún; kì í ṣe fún eré àkọ́kọ́ ọmọ Alímọ̀ṣọ́. Fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ The Critics Company ní Kàdúná fi ń ṣe fíìmù nígbà tí òkìkí wọn kàn ní 2019.

Bí ẹ bá dé ọjà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà láti ra kámẹ́rà, ẹ mú mẹ́mọ́rì káàdì, máìkì àti íápíìsì yín dání. Ẹ ní kí ẹnìkan dúró lẹ́nu ìsọ̀ níbi tí ariwo ti pọ̀, kó sọ̀rọ̀, kí ẹ yà á fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ tún yà á nínú ìsọ̀ lábẹ́ iná. Ẹ wò ó, ẹ gbọ́ ọ níbẹ̀ kí owó tó kúrò lápò. Bí ọlọ́jà bá ní kò sáyè ìyẹn, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.