INÚ ILÉ ONÍGBÀGBỌ́: Àdúrà Pẹ̀lú Ẹ̀wù Ìléfòó

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ìwé yìí lọ́tẹ̀ yìí, àwa fúnra wa ni ó ṣẹlẹ̀ sí, ìtìjú díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n bí a bá tìtorí ìtìjú pa á mọ́, ìdílé mìíràn lè kó sínú irú rẹ̀, kí tiwọn má sì rí bẹ́ẹ̀ parí.

Àwa ìdílé mẹ́ta ni, a ti jọ ń bọ̀ láti inú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ti ń bẹ̀ wá pé kí a kó wọn lọ síbi kan tí kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́, tí kì í sì í ṣe ilé ìjọsìn. Nígbà ìsinmi oṣù kẹrin, a gbà fún wọn. A kó àgọ́ mẹ́ta, ẹní, àwọ̀n ẹ̀fọn, ìkòkò, àti gàrí Ìjẹ̀bú tí ó tó ìdílé mẹ́fà í jẹ, ó di etí ọ̀sà nítòsí Ẹ̀pẹ́. Ojúlùmọ̀ wa kan ni ó yọ̀ǹda àgbàlá rẹ̀ fún wa láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Àìkú.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a dáná, a sun ẹja epìyà àti obòkún, a fi mu gàrí. Lẹ́yìn àdúrà ìdílé, a sọ ìtàn omi yẹn fún àwọn ọmọ. A sọ fún wọn pé kí ọ̀nà mọ́tò tó dé, orí ọ̀sà ni àwọn bàbá wa ń gbà bá Èkó ṣòwò. Ẹ̀pẹ́ náà ni Ọba Kòsọ́kọ́ tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní ọdún 1851. Ẹ̀pẹ́ yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, kí wọ́n tó gòkè lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmágbọn. Ogun burúkú ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣí sílẹ̀ fún àwọn oníwàásù. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ títí oorun fi gbé wọn lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì tí a háyà dé. Ọlọ́kọ̀ náà jẹ́ ọkùnrin bíi ẹni àádọ́ta ọdún, ọmọ apẹja. Kí a tó wọlé, ó kó ẹ̀wù ìléfòó jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ó ń pín in fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan ẹni tí ó dàgbà jù láàárín wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn.

Wọ́n ní, "Ọ̀gá, a ti gbàdúrà. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ni jákẹ́ẹ̀tì wa."

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó ní, "Èmi náà ń gbàdúrà, sà. N kì í tan ẹ́ńjìnì yìí láìgbàdúrà. Ṣùgbọ́n omi ò bi mí léèrè ìjọ tí mò ń lọ rí. Bí ẹnì kan ṣoṣo ò bá wọ̀ ọ́, ọkọ̀ yìí ò ní kúrò níbí."

Ẹ̀yin ará, ibi tí ìtìjú tiwa wà nìyí. A dákẹ́. A mọ̀ pé òótọ́ ni ọlọ́kọ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ni ó ti ń darí àdúrà wa láti ọdún pípẹ́, a kò sì fẹ́ kí a dà bí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ẹnì kan láàárín wa tilẹ̀ ṣe "Àmín" lábẹ́lẹ̀. Ọmọkùnrin Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti so tirẹ̀ tán. Bí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú u.

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ni ó rí i. Wọn kò pariwo, wọn kò sì bá ọkọ wọn jiyàn lójú wa. Wọ́n kàn ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọwọ́ ọmọ yín."

Ẹ̀gbọ́n wò ó. Wọ́n gba jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, wọ́n gbé e wọ̀ láìsọ̀rọ̀. Ọmọ náà tún tirẹ̀ so, ọkọ̀ sì ṣí.

Ọjọ́ náà dùn mọ́ wa. A rí àwọn apẹja tí wọ́n ń ju àwọ̀n, àwọn ọmọ ń ka ẹyẹ funfun létí omi. Ṣùgbọ́n a pẹ́ jù níbi tí a ti sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Ọlọ́kọ̀ pè wá lẹ́ẹ̀mejì pé kí a máa bọ̀, a ní kí ó mú sùúrù. Nígbà tí a ó fi máa padà ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run níhà ìlà oòrùn ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ìjì oṣù kẹrin kì í fúnni láàyè ìmúra. Afẹ́fẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ibi lórí ọ̀sà kò jìn, ìdí nìyẹn tí ìgbì rẹ̀ fi máa ń kúrú, tí ó sì máa ń dìde gan-an, tí ọ̀kan kì í ti í jìnnà sí èkejì. Omi ń bù wọ inú ọkọ̀. Bí a ti sún mọ́ etí, ewéko ojú omi lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì sì kú. Ọkọ̀ yí ẹ̀gbẹ́ sí ìgbì. Ìgbì kan gbé wa sókè, nígbà tí ó sì sọ̀ wá kalẹ̀, ọmọkùnrin Ẹ̀gbọ́n kò sí níbi tí ó jókòó sí mọ́.

A kò lè sọ bí igbe ìyá rẹ̀ ti rí. Nínú gbogbo àwa àgbà tí a wà nínú ọkọ̀, kò sí ẹni tí ó mọ odò wẹ̀ àfi ọlọ́kọ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò rì. Orí rẹ̀ yọ lójú omi, ó ń wúkọ́, jákẹ́ẹ̀tì gbé e dúró. Ọlọ́kọ̀ na ọ̀pá sí i, ó dì í mú, a fà á wọlé. Ìgbà tí ó wà nínú omi kò ju ìgbà tí a fi ń ka Àdúrà Olúwa lọ. Ẹni tí kò mọ odò wẹ̀, tí kò sì wọ nǹkan kan, lè má rí ìgbà náà lò tán.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn, Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ nídìí iná. Wọ́n ní, "Mo rò pé ìgbàgbọ́ ni mò ń kọ́ ọmọ mi láàárọ̀ yìí. Ìgbéraga ni mò ń kọ́ ọ." Àwa náà jẹ́wọ́ pé ìdákẹ́ wa kò sàn ju ọ̀rọ̀ tiwọn lọ. Ọ̀wọ̀ fún àgbà dára, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí kò lè sọ òtítọ́ nígbà tí ẹ̀mí ọmọdé wà nínú rẹ̀, ìbẹ̀rù ni.

Ẹ jẹ́ kí a ka ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 27 dáadáa. Ènìyàn 276 ni ó wà nínú ọkọ̀ tí ó gbé Pọ́ọ̀lù. Áńgẹ́lì Ọlọ́run ti ṣèlérí pé ẹ̀mí ẹnì kankan kò ní ṣòfò. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ yọ́ sá lọ, Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún balógun pé bí wọ́n bá lọ, kò sí ìgbàlà fún àwọn tí ó kù. Nígbà tí ọkọ̀ sì fọ́, àwọn tí ó mọ odò wẹ̀ bẹ́ sómi, àwọn yòókù di pátákó àti àfọ́kù ọkọ̀ mú, gbogbo wọn sì gúnlẹ̀ láyọ̀. Pátákó ni ẹ̀wù ìléfòó ọjọ́ náà. Ta ni ó gbà wọ́n? Ọlọ́run ni. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé àwọn tí ó di pátákó mú kò gba ìlérí gbọ́. Òfin Mósè pàápàá ní kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ènìyàn má baà já bọ́. Ẹni tí ó sì sọ fún Jésù pé kí ó bẹ́ láti orí tẹ́ńpìlì, nítorí pé àwọn áńgẹ́lì yóò gbé e, a mọ ẹni tí í ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi tí ó kó àwọn tí ó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dànù lóru ní agbègbè Pàtígì, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn tí ó kú lé ní 100. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, òṣèré fíìmù Junior Pope àti àwọn mìíràn kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní odò Ọya, nítòsí Asaba. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa bèèrè bóyá wọ́n gbàdúrà tàbí wọn kò gbà á. Ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun tí àwa yóò ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń gbé ìdílé yín lọ sójú omi:

1. Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù ìléfòó kí ọkọ̀ tó ṣí, kì í ṣe kí a fi jókòó. Kí ọmọdé wọ èyí tí ó bá ara rẹ̀ mu, nítorí èyí tí ó tóbi jù lè bọ́ gba orí rẹ̀.

2. Kí a so gbogbo okùn rẹ̀ gírígírí. Èyí tí a kò so kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò wọ̀.

3. Kí a jáde láàárọ̀, kí a sì tètè padà. Bí ọlọ́kọ̀ bá ní kí a máa bọ̀, kí a dìde. Ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi lóru. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, òfin kọ̀ ọ́.

4. Bí èrò bá ti pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kí a sọ̀ kalẹ̀, ì báà ṣe pé ará ìjọ wa ni ó kún inú rẹ̀.

5. Kí a sọ ibi tí a ń lọ àti ìgbà tí a ó padà fún ẹni tí ó wà nílé.

6. Bí ọ̀nà bá ṣí, kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ bí a ti ń wẹ odò.

Ní ọjọ́ Àìkú, a jọ́sìn ní ìjọ kékeré kan létí omi. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ ọmọ wọn mú lọ dúpẹ́ níwájú pẹpẹ. Nígbà tí a jáde, wọ́n lọ bá ọlọ́kọ̀ náà nílé rẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ọmọ náà ń wò wọ́n. Nínú gbogbo ohun tí ó rí lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, àdúrà wa ni pé èyí ni kò ní gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, a dúpẹ́ fún ìpamọ́ Rẹ. Fún wa ní ìgbàgbọ́ tí ó gbọ́n, má sì jẹ́ kí ìwà wa ṣi ọmọ wa lọ́nà. Fún wa ní ahọ́n láti sọ òtítọ́ fún àgbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.